Ajá Mélòó Ló Wà Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Yín?

Ní ọdún 2011, àjọ FAO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti àjọ tó ń mójú tó ìlera ẹranko, tí wọ́n ń pè ní OIE nígbà náà, kéde pé àrùn kan ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Rinderpest ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Màlúù àti ẹfọ̀n ló máa ń bá jà. Bó bá ti wọ agbo, ibà ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, omi yóò máa dà lójú àti nímú rẹ̀, egbò yóò bo inú ẹnu rẹ̀ débi tí kò ní lè jẹun mọ́, ìgbẹ́ gbuuru yóò wá gbé e dè, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, ó ti kú. Etí òkun Eritrea ló gbà wọ Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1887. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti dé gúúsù ilẹ̀ náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó gbà kọjá, nínú 100 màlúù, agbára káká ni 20 fi ṣẹ́kù. Àrùn kejì tí ọmọ aráyé máa pa run nìyí. Ṣọ̀pọ̀nná ni àkọ́kọ́, tí wọ́n kéde òpin tirẹ̀ ní 1980.

Mo fi ọ̀rọ̀ àrùn yìí ṣíwájú nítorí pé ìjọba wa ń sọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù July 2024, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé òun yóò dá ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Nígbà tó di October ọdún náà, ó yan Idi Mukhtar Maiha ṣe mínísítà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò sí bí ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò ní kọ àfojúsùn sílẹ̀. Irú àfojúsùn wo ni yóò jẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí ìjọba bá ní “a óò mú kí ìlera àwọn ẹran wa túbọ̀ gbé pẹ́ẹ́lí sí i,” ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè dìde sọ pé ìjọba kùnà, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti ṣẹ. Àfojúsùn gidi gbọ́dọ̀ dárúkọ àrùn, kó dárúkọ ọdún, kó sọ iye, kó sì sọ ẹni tí yóò lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ rinderpest ló kọ́ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ náà sì gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

Lọ́dún 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n sọ ní JP15. Agbègbè adágún Chad ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí gbogbo màlúù, àtọmọdé àtàgbà, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta léra wọn. Lẹ́yìn náà, kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa gún àwọn ọmọ màlúù tí wọ́n bá ń bí. Wọ́n sì ṣe é lóòótọ́. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Ìlà-Oòrùn rẹ̀ ni wọ́n ti da màlúù jọ, tí wọ́n ń gún wọn, nígbà tí ètò náà sì parí ní 1976, ibi tí àrùn náà kù sí kò tó nǹkan mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ sì ti pé, lójú àwọn aláṣẹ, iṣẹ́ ti parí. Owó tó yẹ kí wọ́n máa fi gún àwọn ọmọ màlúù gba ibòmíràn lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n rán pé kó máa wá ibi tí àrùn náà lúgọ sí, ó sì lúgọ lóòótọ́: díẹ̀ ní ààlà Mali àti Mauritania, díẹ̀ lápá Sudan àti Ethiopia. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó jáde padà. Lọ́dún 1983 ó jà rànyìn ní Nàìjíríà, màlúù tó sì kú tó ọ̀kẹ́ àìmọye. Darandaran tó ní agbo tó kún pápá nígbà ọyẹ́ lè máà ní màlúù kan tí yóò fún wàrà nígbà tí òjò bá dé. Àwọn ìdílé wà tí wọn kò padà sí iṣẹ́ màlúù mọ́ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn àjálù yìí, ètò míràn tí wọ́n ń pè ní PARC dìde ní 1986, owó ilẹ̀ Yúróòpù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1994 ni FAO gbé àfojúsùn kan kalẹ̀ tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ti wà ṣáájú. Wọn kò sọ iye màlúù tí wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kó tó di 2010, kí rinderpest má sí ní ibì kankan láyé mọ́, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yẹn ló yí gbogbo iṣẹ́ padà.

Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti gba abẹ́rẹ́, ohun tí àyẹ̀wò yóò fi hàn kò yàtọ̀ sí ti màlúù tí àrùn náà ṣe tó sì yè é. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó bá ṣì ń gún màlúù rẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àrùn kò sí nínú agbo òun. Àfi kó dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá dókítà ẹran ní orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí ti fojú rẹ̀ rí màbo, tí wọ́n wá gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni má gún màlúù mọ́. Ìgboyà ńlá nìyẹn, mo sì gbà pé àwọn tó fọwọ́ sí i yẹ fún ìyìn ju bí a ṣe ń yìn wọ́n lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dúró, ìwákiri ló kàn. Wọn yóò máa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù tí a bí lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ dópin, nítorí pé bí àmì àrùn bá wà lára irú màlúù bẹ́ẹ̀, àrùn ló gbé e wá, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Wọn yóò máa béèrè lọ́wọ́ àwọn darandaran bóyá wọ́n ti rí ẹran tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì dégbò. Gbogbo èsì náà yóò wà lákọsílẹ̀ kí OIE tó fún orílẹ̀-èdè náà ní ìwé ẹ̀rí.

Iṣẹ́ àjẹsára gan-an kò kéré. Walter Plowright àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Muguga, ní Kenya, ló ṣe èyí tó múná dóko jù, ní nǹkan bí 1960, wọ́n sì fún Plowright ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 1999 nítorí rẹ̀. Àmọ́ ooru kì í jẹ́ kó pẹ́. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán nínú kúlà, àjẹsára ti bàjẹ́ nìyẹn, ibi tí àrùn sì kù sí jù ni ibi tí kò ní iná, tí kò ní ọ̀nà. Nígbà tí Jeffrey Mariner wá ṣe oríṣi kan tó lè fara da ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ darandaran fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ní bí a ti ń gún un, ní ilẹ̀ Afar ní Ethiopia àti ní gúúsù Sudan, wọ́n sì gbé e dé ibi tí ọkọ̀ ìjọba kò dé rí. Ara ẹfọ̀n nínú igbó ọba Meru ní Kenya ni wọ́n ti rí àrùn náà kẹ́yìn, ní 2001.

Bí àwọn tó jókòó ní Abuja bá fẹ́ kọ àfojúsùn fún ìlera ẹran lónìí, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: kí ni a fẹ́ máa kà? Abẹ́rẹ́ tí a gún, ìpàdé tí a ṣe, ọkọ̀ tí a rà, gbogbo wọn ló rọrùn láti kà, wọ́n sì máa ń kún ìròyìn òpin ọdún. Àrùn tí kò sí mọ́ ló ṣòro láti kà. Èyí tó ṣòro yẹn ni kí wọ́n yàn.

Àrùn kan wà tó jẹ́ ìbátan rinderpest tímọ́tímọ́, tó sì wà ní àdúgbò gbogbo wa. PPR ni àwọn dókítà ń pè é, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ sì mọ̀ ọ́n sí káta. Ewúrẹ́ yóò kọ oúnjẹ, yóò dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ikun yóò máa dà nímú rẹ̀, yóò gbẹ, yóò dí ihò imú rẹ̀, egbò yóò yọ létè, ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀lé e, àwọn tó kù nínú agbo yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara wọn. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ló máa ń pa jù. Ìyá tó ní ewúrẹ́ mẹ́fà, tó ń sìn wọ́n de ọjọ́ tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yóò yọjú, lè pàdánù gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó má sì sí nínú ìwé ìjọba kankan. Òkú ewúrẹ́ inú ilé kì í dé Abuja.

Ní 2015, ní Abidjan, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí PPR tán láyé nígbà tó bá fi di 2030. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀, kí orí wọn sì wú. Nigeria 75/1 ni orúkọ àjẹsára tí wọ́n ń lò jù fún àrùn yìí lágbàáyé. Ara ẹran ní ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é, ní 1975, tí wọ́n wá ń tọ́ ọ ní yàrá àyẹ̀wò títí tí kò fi lè pa ẹran mọ́, tó sì wá ń dáàbò bò ó. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ó kéré tán, yóò ṣọ́ ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára yìí. Oògùn kọ́ ló wọ́n wa. Ó máa ń dùn mí pé a ní ohun tí gbogbo ayé wá gbà lọ́dọ̀ wa, ewúrẹ́ wa sì ń kú síbẹ̀.

Ohun tó wọ́n wa ni iye. Ewúrẹ́ mélòó la ní? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ti fi ọkọ̀ òfurufú fò ní ìsàlẹ̀ lórí oko àti abúlé láti ka ẹran. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1992 ni mílíọ̀nù 34.5 ewúrẹ́, mílíọ̀nù 22.1 àgùntàn, àti mílíọ̀nù 13.9 màlúù. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ kì í pẹ́ nínú agbo: a ń tà á, a ń pa á, ó ń bí ìbejì, ìbẹta. Bí ìjọba bá gún 80 nínú 100 ewúrẹ́ ìlú kan lóṣù March, nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gún ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ti rọ́pò wọn. Àfojúsùn tó bá kàn sọ “80 nínú 100” láìsọ oṣù wo, tí kò sì sọ ìgbà tí wọn yóò padà wá fún àwọn ọmọ tuntun, kò tíì sọ nǹkan kan. Ó tún gbọ́dọ̀ ka àwọn ará Benin àti Niger mọ́ ọn, torí pé ẹran ń kọjá ààlà lójoojúmọ́. Láti 1998 ni ECOWAS ti fẹnu kò sórí ìwé àṣẹ tí darandaran gbọ́dọ̀ mú dání kó tó da ẹran kọjá, tí yóò fi hàn pé wọ́n ti gún ẹran náà. Ìwé yẹn gan-an yẹ ní kíkà: nínú 10 agbo tó kọjá, mélòó ló ní in?

Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ló wá bani nínú jẹ́ jù, nítorí pé ọmọ èèyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lágbàáyé lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ jù, ajá ló sì ń fa ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú àwọn tí ajá ń bù jẹ. Nígbà tí ọmọ bá ti ń bẹ̀rù omi, kò sí ilé ìwòsàn tó lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó rọrùn láti dá a dúró: bí 70 nínú gbogbo 100 ajá tó wà ládùúgbò bá gba àjẹsára, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, àrùn náà kì í rí ibi gbà láti ara ajá kan dé ara èkejì. Ohun tí ayé dì mú báyìí ni pé nígbà tó bá di 2030, kí ẹnikẹ́ni má kú mọ́ nípasẹ̀ dìgbòlugi ajá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan tí wọ́n ń gún ajá ní ìjọba ìbílẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ 28 oṣù September tí ayé yà sọ́tọ̀ fún dìgbòlugi. Wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi, kúlà wà nílẹ̀ pẹ̀lú yìnyín, dókítà ẹran wọ ìbọ̀wọ́, ẹnìkan ń kọ orúkọ onílé àti àwọ̀ ajá sínú ìwé, wọ́n sì ń ya káàdì. Àwọn tó ní ajá olówó ńlá ló máa ń kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ṣéènì lọ́rùn ajá wọn. Àwọn ọmọdé á fi okùn fa bingo wá láti àdúgbò. Ajá ọdẹ á dé, tirẹ̀ á sì le láti dì mú. Èyí tí kì í wá ni ajá tó ń gbé lẹ́yìn ọjà, tó ń jẹ ní àkìtàn, tí gbogbo ará àdúgbò mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó máa ní tòun ni. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìwé yóò sọ pé, ká ní, ajá 300 ló gba abẹ́rẹ́. Wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ á parí.

300 nínú mélòó? Bí ajá tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yẹn bá jẹ́ 400, wọ́n ti ṣe àṣeyọrí tó ga. Bó bá jẹ́ 3,000, bí ẹni pé wọn kò jáde ni. Ìwé kan náà, iye kan náà, ìtumọ̀ méjì tó jìnnà síra. Ó sì ṣeé mọ̀ láìná owó rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún ajá, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí i lára, tàbí kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú pópó, nígbà tí ajá ṣì wà níta, kí èèyàn méjì méjì rin àwọn òpópónà tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ka ajá tó ní àmì, kí wọ́n sì ka èyí tí kò ní. Bí wọ́n bá rí ajá 100, tí 25 péré ní àmì, ibi tí wọ́n dé nìyẹn, wọ́n á sì mọ àdúgbò tó yẹ kí wọ́n padà sí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bírò àti ìwé pélébé ló gbà. Gbogbo ohun tó yẹ kí àfojúsùn jẹ́ ló wà nínú ìrìn ìdájí yẹn.

Kò yẹ kí àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tàn wá jẹ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá gún 95 nínú 100 ajá ní àwọn ìlú ńlá, tí wọn kò sì gún ju 20 lọ ní àwọn ìgbèríko, àpapọ̀ rẹ̀ lè dára nínú ìwé, dìgbòlugi á sì jókòó sí ìgbèríko náà bí rinderpest ṣe jókòó sí ààlà Mali. Nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú 774 tó wà, ló gbọ́dọ̀ dé 70. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń pa ajá jẹ náà wà lára wọn, bí irú ti Oǹdó. Àwọn tó ń fọwọ́ di ajá mú lójoojúmọ́ yẹ kí wọ́n gba àjẹsára tiwọn, kí wọ́n sì wà lára àwọn tí ìjọba ń bá sọ̀rọ̀, láìfi ẹ̀sìn tàbí oúnjẹ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Mexico ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 1990, 60 èèyàn ló kú níbẹ̀ nípasẹ̀ dìgbòlugi ajá. Wọ́n ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri, ó di 3 ní 1999, ó di òdo ní 2006. Ní 2019, WHO fọwọ́ sí i fún wọn, àwọn sì ni àkọ́kọ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún àgbẹ̀ tí ìjọba bá pa ẹran rẹ̀ nítorí àrùn kò gbọdọ̀ yẹ̀ sílẹ̀. Ní February 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí àjàkálẹ̀ àrùn adìyẹ H5N1, ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ó padà wá ní 2015. Ìgbà tí àgbẹ̀ bá mọ̀ pé bí òun bá kígbe, wọn yóò pa gbogbo adìyẹ òun, owó rẹ̀ kò sì ní tètè dé, òru ni yóò kó wọn lọ sọ́jà. Àrùn á wá tẹ̀lé àwọn àgò adìyẹ kọjá ìpínlẹ̀ mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Àfojúsùn tó bá ní “a óò mọ àrùn láàárín ọjọ́ mélòó kan” gbọ́dọ̀ sọ, nínú gbólóhùn kan náà, láàárín ọjọ́ mélòó ni owó àgbẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìlera nìyẹn. Ìgbáyégbádùn ẹran ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó ni, pé ẹni tí kò tíì rí oúnjẹ jẹ kò ní àyè láti ro ti màlúù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tò ó sílẹ̀: ìgbìmọ̀ Brambell gbé ìròyìn jáde ní 1965, nígbà tó sì di 1979, wọ́n ti tò ó sí ohun márùn-ún, pé kí ebi àti òùngbẹ má pa ẹran, kó ní ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn jìnnà sí i, kó lè hùwà bí irú rẹ̀ ṣe ń hùwà, kí ìbẹ̀rù má bá a gbé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tí darandaran rere kò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró rí níbi tí tírélà ti ń já màlúù sílẹ̀, ní Kára lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Èkó sí Ìbàdàn tàbí ní ọjà màlúù mìíràn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìrìn láti òkè Ọya, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, lórí ìdúró. Èyí tó bá ṣubú lójú ọ̀nà, àwọn yòókù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á lọ́ ìrù èyí tó lè dìde kó lè yára, wọ́n á sì fi okùn wọ́ èyí tí kò lè dìde sílẹ̀ ní ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Èyí náà ṣeé kà. Wákàtí mélòó ló ti kọjá láti ìgbà tí ẹran yìí ti mu omi gbẹ̀yìn? Nínú 100 màlúù tó dé, mélòó ló dé ní òkú, mélòó ni kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Mélòó nínú abo tí wọ́n pa lánàá ló lóyún? Ẹni tí kò bá ka ìyà ẹran sí, kó ka owó sí: ẹran tí àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ti bá tán kó tó kú máa ń dúdú, ó máa ń le, kì í sì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́. Abala 495 nínú Criminal Code tó wà nílẹ̀ sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura tàbí kó san owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50 kò ra ẹyin kan lónìí. Bí ìjọba bá ní àfojúsùn lórí ìgbáyégbádùn ẹran, kí àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ilé aṣòfin yóò tún abala yìí ṣe, kí èkejì jẹ́ ibi mélòó lójú ọ̀nà láti Kano títí dé Èkó tí tírélà lè yà sí kí màlúù mu omi.

Ohun tó wá jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni ẹni tí òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ odò ẹran àti ibi ìpẹran, òun náà ló sì ni ọ̀rọ̀ ẹran ilé gbogbo, bí a ṣe ń tọ́jú wọn àti bí wọ́n ṣe ń rìn kiri. Ajá wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, màlúù tó fẹ́ kú náà wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù July 2024 ni Ààrẹ kéde ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun náà, ọjọ́ 11 oṣù kan náà sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, a rí ẹni tí yóò kọ àfojúsùn, a sì rí ọ̀nà tí owó lè gbà dé ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe é. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni so méjèèjì pọ̀ dáadáa, ó sì yẹ kí wọ́n so wọ́n pọ̀.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà tí kò ní dókítà ẹran kankan, tó jẹ́ pé ẹni tó ń yẹ ẹran wò ní odò ẹran ń dé lẹ́yìn tí àwọn alápatà ti gé ẹran tán, tí ẹ̀dọ̀fóró tó ní ikọ́ ife ti wọ inú agbọ̀n oníbàárà. Irú ibẹ̀ kò lè gbé ìwé àfojúsùn ọdún mẹ́wàá kankan. Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ọdún àkọ́kọ́ nínú ètò náà, mi ò ní fi ṣe nǹkan mìíràn ju pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba dókítà ẹran kan, kó sì ka nǹkan mẹ́ta: ajá tó wà ní agbègbè rẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn tó wà níbẹ̀, àti màlúù tó dé odò ẹran rẹ̀ láàyè tàbí ní òkú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kejì wá yẹ kíkà náà wò, kó má jẹ́ ẹni tó kà á ni yóò jẹ́rìí ara rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Yorùbá àti Haúsá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì àti ògiri odò ẹran, kí alápatà, ọdẹ, ìyá ewúrẹ́ àti awakọ̀ tírélà lè kà á, kí ẹni tó bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò òun sì mọ ọ́fíìsì tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.